Balùwẹ̀ tó funfun bí ọsibítù: bí mo ṣe fi gílóòbù, pákó àti amọ̀ tún un ṣe láìfọ́ táìlì láńlọ́ọ̀dù

Balùwẹ̀ ilé tí mò ń gbé n'Íbàdàn, tẹ́ẹ bá wọ inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ máa rò pé nọ́ọ̀sì fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ ni. Táìlì funfun látilẹ̀ dé èjìká, ọ̀dà funfun lókè ẹ̀, gílóòbù funfun, kọ́tìnì rọ́bà tí wọ́n ya ẹja sí lára. Ayálégbé sì ni mí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fọ́ táìlì onítáìlì, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn mi ni irú balùwẹ̀ táwọn òyìnbó ń pè ní rustic yẹn, kí igi wà ńbẹ̀, kí amọ̀ wà ńbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rí bíi ti àtùpà, kó jẹ́ pé téèyàn bá tibi iṣẹ́ dé tó wọ ibẹ̀, ara ẹ̀ á ti máa balẹ̀ kó tó bu omi. Ó gbà mí bí oṣù mẹ́ta, mo sì ṣe àṣìṣe tó pọ̀, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Gílóòbù lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ o, kẹ́ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo. Ẹ yẹ páálí ẹ̀ wò, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé, òun ló ń sọ bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe máa rí. Èyí tí wọ́n sábà ń tà fún wa lọ́jà ni 6500K, wọ́n á kọ daylight sí i, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ funfun débi pé ó fẹ́ẹ̀ máa ṣe búlúù, igi tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ á dà bíi pé eérú ló bò ó, ojú ẹ̀yin gan-an nínú díńgí á dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. 2700K lẹ fẹ́, tẹ́ẹ ò bá rí i ẹ gba 3000K, warm white ni wọ́n ń kọ sí i. Tẹ́ni tó ń tà á bá ní "ìkan náà ni gbogbo ẹ̀ jàre", ẹ ní kó fi síná kẹ́ẹ fojú ara yín rí i. Èmi fi tèmi sí i, mo fi balùwẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta láìfọwọ́ kan nǹkan míì, àfi bíi pé wọ́n bá mi pààrọ̀ táìlì tí mo ti ń bú látọjọ́ yìí, ó ti di àwọ̀ wàrà. Ìdajì nǹkan tí mo ti kọ sílẹ̀ pé mo fẹ́ rà ni mo fagi lé lọ́jọ́ náà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí gílóòbù jẹ́ méjì tí ò lágbára jù, ìkan lókè, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ díńgí níbi tójú yín máa ń wà, ó sàn ju ẹyọ kan tó ń ta yànyàn lọ. Èyí tó bá wà níbi tí omi lè ta sí, ẹ wá irú èyí tí wọ́n kọ IP44 sí lára, ìyẹn ni pé omi tó bá ta sí i ò ní bà á jẹ́, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí oníná bá yín fi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ omi àti atẹ́gùn. Mo mọ̀ pé ibí yìí ò dùn-ún kà, àmọ́ tí èéhù bá ti wà ní kọ̀rọ̀ síĺìnì yín, gbogbo igi tẹ́ẹ bá gbé wọ ibẹ̀ ló máa gbà á. Lúfà fèrèsé tèmi ti há látọdún tó pẹ́, mo fi epo sí i títí ó fi ṣí. Mo fi blíìṣì tí mo po mọ́ omi fọ èéhù yẹn, mo sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da blíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn, pàápàá nínú yàrá kékeré bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà: ẹ má lo èmọ́ṣọ̀n lásán, ńṣe ló máa bó. Satin tàbí silk ni kẹ́ẹ béèrè, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán díẹ̀ tómi ò lè tètè bà jẹ́. Àwọ̀ tí mo mú ni ti ògiri ilé alámọ̀ nígbà tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kò pupa jù, kò dúdú jù. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún sára páálí, kẹ́ẹ gbé e kọ́ sínú balùwẹ̀, kẹ́ẹ wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tuntun yẹn, torí àwọ̀ tẹ́ẹ rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ lẹ máa rí nílé. Ogiri tó wà lókè táìlì nìkan ni mo kùn, síĺìnì mo fi àwọ̀ kíríìmù sí i. Ohun kan tún wà tí kò ná mi ní nǹkan kan: àárín táìlì. Mo fi ọ̀bẹ àtijọ́ ha sìmẹ́ńtì funfun tó ti dọ̀tí níbẹ̀ jáde díẹ̀, mo fi gíráòtù búráùn dí i. Táìlì funfun tí ìlà búráùn yí ká ti kúrò ní ti ọsibítù. Àmọ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù kẹ́ẹ tó ṣe èyí o, tèmi ní kò burú.

Ó wá kan igi, ibi tí owó mi ti sọnù nìyí. Gbogbo igi kọ́ ló lè bá omi gbé. Arère rọrùn-ún gé, kò wọ́n, ó sì fúyẹ́, àwọn káfíńtà máa fẹ́ fi ṣe é fún yín, àmọ́ nínú balùwẹ̀ kò ní pẹ́ tó máa dúdú tí kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àfàrà náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ìrókò, apá àti tíìkì ni kẹ́ẹ wá, ọ̀gànwó náà dáa fún férémù díńgí, níbi tómi ò ti ní máa ta sí i lójoojúmọ́. Mo lọ sọ́jà pákó ní Bódìjà, mi ò ra odindi pákó, àjẹkù ni mo béèrè, àwọn gígé tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, torí balùwẹ̀ kékeré ò nílò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà tutù, mi ò sì mọ̀. Ìrókò gidi ni, owó gidi ni mo san, káfíńtà rẹ́ ẹ, ó kàn án mọ́ ògiri fún mi bíi pẹpẹ, ó dùn-ún wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfìgbà tí ọyẹ́ dé tó ká kò bí ìwé tí wọ́n gbé sítòsí iná, ọṣẹ tí mo bá gbé lé e á rọra yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, á já sílẹ̀ gbì. Mo gbé ìjà lọ bá káfíńtà, ó ní ṣebí èmi ni mo ní kó yára. Òótọ́ ló sọ. Ẹ gbé pákó wò kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ fi wé òmíì tó jẹ́ irú igi kan náà tó sì tóbi bákan náà, èyí tó wúwo jù yẹn omi ló wà nínú ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án pẹ̀lú, pákó tí ò tíì gbẹ máa ń tutù lára. Tẹ́ẹ bá gbé e délé, ẹ má kàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ tò ó sí yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́, kẹ́ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkan sí ìkejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fá a dán jù. Ojú ayùn tó wà lára pákó, kókó igi, ibi tó sán díẹ̀, àwọn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó rí bí a ṣe fẹ́ ẹ. Àmọ́ etí ẹ̀ àti ibi tọ́wọ́ tàbí ìdí máa kàn, ẹ fi sáńpépà ha á títí á fi jọ̀lọ̀, ihòhò lèèyàn máa ń wà ní balùwẹ̀, ẹ̀gún igi níbi tí mo ń sọ yìí kì í ṣe eré o. Fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mẹta: àkọ́kọ́ ẹ fi tínà díẹ̀ sí i kó lè wọ igi lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi sáńpépà tó kúnná, èyí tí wọ́n kọ 220 sí lẹ́yìn, ha á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tún kùn ún, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Orí igi, ìyẹn ojú ibi tí ayùn ti gé e dábùú, ibẹ̀ ló máa ń fa omi bíi sítíróò, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lé e níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ tó máa kọjú sí ògiri ńkọ́? Ẹ kùn ún pẹ̀lú, torí tí ojú kan bá ń mu omi tí ìkejì ò mu, ó máa ká kò náà ni.

Súkúrù ni kẹ́ẹ fi kàn án, kó jẹ́ idẹ tàbí stainless, torí ìṣó lásán máa dípẹtà tómi pupa á máa ṣàn lára táìlì. Ibi gíráòtù, láàárín táìlì méjì, ni kẹ́ẹ lu, lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ kó jáde ẹ kàn máa dí i padà ni.

Pẹpẹ kan ni mo ṣe, pẹ̀lú àpótí ìjókòó kan àti pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan tí mo fi ọ̀pá ìrókò tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà kan wà láàárín wọn kí omi lè máa kọjá. Tí mo bá ti wẹ̀ tán mo máa gbé e nàró sára ògiri. Tẹ́ẹ bá mọ̀ pé ọ̀lẹ ò ní jẹ́ kẹ́ẹ máa gbé e, ẹ má ṣe é, ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa yọ̀ ni.

Amọ̀ ló wá dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìlọrin ni mo ti ra ìkòkò, ní Dada l'Ókèléle, níbi táwọn ìyá ti ń mọ ọ́n. Tí wọ́n bá yọ ìkòkò nínú iná, wọ́n á da omi èèpo irúgbá sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, òun ló ń jẹ́ kó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń dán díẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀dà tó lè ṣe irú ẹ̀. Èyí tó tóbi, tówẹ́ẹ̀lì tí mo ká ló wà nínú ẹ̀, kékeré jẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì àti kóòmù. Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi àmù pọn omi síbẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ rántí pé àmù máa ń làágùn, bó ṣe ń jẹ́ kómi tutù nìyẹn, ẹ má gbé e lé igi lórí.

Ìkan nínú wọn fọ́ lọ́nà, mo fẹ́ dà á nù, mo wá rántí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ n'Ílé-Ifẹ̀, èyí táwọn àgbà ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́. Òòró ni wọ́n to àwọn àpáàdì yẹn, etí ẹ̀ ló wà lókè, wọ́n sì tò ó bí egungun ẹja. Mo fọ́ tèmi sí wẹ́wẹ́, mo po iyanrìn mẹ́ta mọ́ sìmẹ́ńtì kan, mo da á sínú tírè ike tí ò jìn, mo to àpáàdì sí i bẹ́ẹ̀, mo fi aṣọ tútù bò ó fọ́jọ́ méje kó lè le. Mo fi òkúta ha etí wọn kí wọ́n má bàa gé ẹnikẹ́ni. Orí ẹ̀ ni garawa àti àmù ń gbé báyìí, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè ibi tí mo ti rà á.

Kọ́tìnì: àdìrẹ láti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Aṣọ aláró máa ń ṣí o, ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kẹ́ẹ tó fi kọ́, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí rọ́bà tí ò láwọ̀ wà lápá ibi tómi ń ta sí. Àdìrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò, ojú kì í kúrò lára ẹ̀. Ẹnìkan ní kí n fi sányán ṣe é kó lè bá àwọ̀ igi mu, mo ní ẹ jọ̀ọ́, sányán ìyá mi kọ́ ló máa gba ìfófòó ọṣẹ.

Ibẹ̀ ni mo dúró. Mo ti ra igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, apẹ̀rẹ̀ méjì àti ẹní, mo kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, balùwẹ̀ wá dà bí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan fáwọn arìnrìn-àjò, mo kó wọn jáde. Igbá ò fẹ́ omi lọ́nàkọnà, pálọ̀ ló wà báyìí. Ọṣẹ dúdú wà lórí àpáàdì kan tí mo lu ihò sí, kànìnkànìn wà lórí ìkọ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ó tán.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Ẹ má fi blíìṣì kan igi tàbí ìkòkò, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, ẹ wọ́n omi sórí pẹpẹ yẹn kẹ́ẹ wò ó: tó bá ṣù jọ róbótó tó ń yí kiri, kò sí wàhálà, tó bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ tí ojú igi sì ń dúdú níbẹ̀, ẹ wá sáńpépà àti fáníìṣì, àsìkò ti tó.