Síkírìnì Inú Mọ́tò Tó Ti Kú: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Ọ́, Dán An Wò, Kí Ẹ Sì Tún Un Lò

Kí wọ́n tó gé mọ́tò tó ti kú fún àwọn tó ń yọ́ irin, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òjò á máa pa á, oòrùn á máa sá a. Síbẹ̀, síkírìnì inú rẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é kó lè fara da ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn, àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà tí kò dán. Ohun tó tún jẹ́ kó wúlò fún ilé àti oko ni pé iná bátìrì 12 fólìtì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ẹni tó bá ní páńẹ̀lì oòrùn àti bátìrì kan lè lò ó láìwá ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ni pé ẹwà ni wọ́n fi ń yan síkírìnì. Wọ́n á rí èyí tó fẹ̀ nínú ọkọ̀ olówó ńlá, wọ́n á gé wáyà rẹ̀ ní gbòǹgbò, wọ́n á gbé e délé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé kò sí ọ̀nà tí àwòrán lè gbà wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo bí síkírìnì ṣe tóbi tó. Kí ẹ sì mú un pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.

Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá

Síkírìnì kámẹ́rà ẹ̀yìn ni mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti wá, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó fi òmíràn bẹ̀rẹ̀. Òun ni awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn bó bá ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Ó lè dá dúró lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì lè wà nínú dígí tó wà lókè orí awakọ̀. Wáyà rẹ̀ kò pọ̀: pupa ni pọ́sítíìfù, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù, àwòrán sì ń gba púlọ́ọ̀gì roboto tó ní àwọ̀ yẹ́lò wọlé. Púlọ́ọ̀gì yẹ́lò yìí kan náà ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti ẹ̀rọ DVD, nítorí náà ohunkóhun tó bá lè gba púlọ́ọ̀gì yẹ́lò yìí gbé àwòrán sí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè bá síkírìnì yìí ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ìrọrí ìjókòó fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn láti fi wo fíìmù náà sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbójú fo ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì ńlá, katakata àti ẹ̀rọ ìkórè. Síkírìnì kámẹ́rà tiwọn sábà máa ń tóbi ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ó sì nípọn. Púlọ́ọ̀gì irin roboto tó ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin nínú, tí wọ́n ń yí bí ìdérí, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, iná kámẹ́rà àti àwòrán jọ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì 24 fólìtì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, àmọ́ síkírìnì tí wọ́n bá kọ 12–24V sí lára máa ń jẹ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni síkírìnì tó wà lójú rédíò, tí awakọ̀ fi ń wo máàpù. Ó dára, àmọ́ ó nílò bọ́ọ̀dù mìíràn tí yóò máa fún un ní àwòrán, a ó sọ̀rọ̀ lé e nísàlẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ rédíò ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u kúrò lára bátìrì, àwọn mìíràn kì í sì í dáhùn bí wọn kò bá rí ọkọ̀ tí wọ́n bá wá. Ẹ má ra irú wọn pẹ̀lú èrò pé rédíò náà yóò kọrin. Páńẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Àwọn síkírìnì gbọ̀ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ìgbàlódé, tí kọ̀ǹpútà wọn jìnnà sí wọn tí wáyà ẹyọ kan sì so wọ́n pọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Àwòrán tó ń gba inú wáyà yẹn ti di nǹkan tí bọ́ọ̀dù lásán kò lè tú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ náà, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé ẹ san owó rẹ̀. Rédíò àti síkírìnì wà lára ohun tí olè máa ń yọ nínú mọ́tò, ìwé yẹn ni yóò sì gbà yín sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kúrò, kí ẹ tó tú pọ́sítíìfù. Ẹ má sọ pé nígbà tí ọkọ̀ ti kú, bátìrì náà ti kú. Nínú sítíárì àti dáṣíbọ́ọ̀dù ni àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èrò ọkọ̀ là nígbà ìjàǹbá wà. Ohun abúgbàù ló ń mú un wú lójijì, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ sì máa ń pa iná díẹ̀ mọ́ sínú, tó fi jẹ́ pé ó ṣì lè bú lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú bátìrì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ má gé wáyà rẹ̀, ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ má sì gbé ojú sí iwájú àpò náà nígbà tí ẹ bá ń tú nǹkan nítòsí rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, ìbáà jẹ́ iná nìkan tàbí iná pẹ̀lú epo, ní wáyà nínípọn tó ní àwọ̀ ọsàn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólìtì ló ń gba inú rẹ̀, ó ń pa ènìyàn. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ni, kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n bá yín tú síkírìnì inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sábà wá sọ́kàn: rédíò aláwòrán máa ń tọ́jú nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn, orúkọ wọn, àti ọ̀nà ilé ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tàn lọ́wọ́ yín, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìkà á.

Yíyọ ọ́

Ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú síkírìnì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí dúdú tó tàn kálẹ̀ bíi tàdáwà tó dà sórí ìwé, gíláàsì inú ti sán, kò sí àtúnṣe. Bí ojú rẹ̀ bá wú tàbí tó ń rùn bíi fínígà, awọ tó wà lójú rẹ̀ ló ti ń jẹrà, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà funfun tàbí ìdọ̀tí kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀ náà pẹ̀lú: bí ẹrẹ̀ bá wà lábẹ́ ìjókòó, àgbàrá ti wọ̀ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀dù inú rédíò ti dípẹtà.

Ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ṣí etí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má lo irin, irin máa ń fọ́ etí rẹ̀, ó sì ń ha gíláàsì. Síkúrúdíráfà olórí àgbélébùú, ti olórí ìràwọ̀, àti sípánà 7 àti 10 máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ojú ihò rédíò ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀: mìlímítà 180 ní ìbú àti 50 ní gíga fún ẹyọ kan, 180 àti 100 fún oníméjì. Bí rédíò kò bá ní bóòtù kankan níwájú, tó sì ní ihò tóóró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń tì bọ inú ihò wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kó jáde. Kò ní jáde fún agbára.

Púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ tú, ẹ má gé wáyà. Bí gígé bá pọn dandan, ẹ gé e jìnnà sí púlọ́ọ̀gì, kó kù tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ sì mú púlọ́ọ̀gì ti inú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ẹ bá dé ibi wáyà pẹlẹbẹ tó tẹ́ bí ìwé, ìdérí kékeré kan wà ní ẹnu ibi tó wọ̀. Ẹ fi èékánná gbé e sókè kí ẹ tó fà. Àmọ́ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, bó bá ya, kò sí lẹ́ẹ̀dì tó lè so ó padà.

Dídán an wò nílé

Ohun tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ jóná ni gílóòbù iná bíréèkì mọ́tò, oníwáàtì 21. Ẹ so ó mọ́ wáyà pọ́sítíìfù, kó wà láàárín bátìrì 12 fólìtì àti síkírìnì. Bí nǹkan bá ti so kọ́ra nínú síkírìnì, gílóòbù yóò tàn rokoṣo, iná tó lè kọjá kò sì ní ju áńpù 1.75 lọ. Bí síkírìnì bá dára, gílóòbù á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́, tàbí kó pupa ráńpẹ́. Ẹ lè wá yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi fíùsì áńpù 2 sí àyè rẹ̀, kí fíùsì náà sì wà lára iṣẹ́ yín títí láé. Kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ bátìrì, ẹ fi mítà wò ó bóyá iná lè gba inú wáyà dúdú dé irin ara síkírìnì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọ̀ wáyà ń tan yín jẹ.

Kámẹ́rà ọkọ̀, ẹ̀rọ DVD àtijọ́, tàbí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tó ní ẹnu púlọ́ọ̀gì àwòrán yìí lè gbé àwòrán wọ̀ ọ́. Bí àwòrán bá ń yí lójú síkírìnì tàbí tí kò ní àwọ̀, ìlànà wọn ló yàtọ̀. Ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà níbí: PAL ń lo ìlà 625, NTSC ń lo 525. Ẹ yí i padà nínú ètò ohun tó ń gbé àwòrán jáde. Bí síkírìnì bá dúdú, ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣẹ́kù. Nínú ọkọ̀, iná ìrìnsẹ́yìn ló ń fún un ní 12 fólìtì kí àwòrán kámẹ́rà tó hàn. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ pupa, kí ẹ sì tún wò.

Páńẹ̀lì tó nílò bọ́ọ̀dù

Páńẹ̀lì tó wá láti inú rédíò ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láìyọ lẹ́tà kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe lásán: 070 sábà túmọ̀ sí íǹṣì 7, 065 sì ni íǹṣì 6.5. Nọ́ńbà yìí ni ẹni tó ń ta bọ́ọ̀dù HDMI (ẹnu wáyà àwòrán tí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé ń lò) fún páńẹ̀lì máa fi mọ èyí tó bá tiyín mu. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé níwọ̀n bí wáyà pẹlẹbẹ ti ní ẹsẹ̀ 40 tàbí 50, ó ti bára mu. Páńẹ̀lì méjì lè ní ẹsẹ̀ 40 kí ètò ẹsẹ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá, iná tó ṣì ọ̀nà á sì pa á lójú ẹsẹ̀.

Iná ẹ̀yìn páńẹ̀lì náà gba àfiyèsí. Ti ìgbàlódé ń lo LED mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n so tẹ̀ léra. Mẹ́ta nínú wọn ń gbà tó fólìtì 9 sí 10, wọn kò sì gbọ́dọ̀ so mọ́ bátìrì 12 fólìtì tààrà. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń ṣàn ni kó wà láàárín wọn. Ti àtijọ́ ń lo gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti iná tíúbù, tí wáyà méjì lásán jáde nínú rẹ̀. Iná tó ń tàn án lè ju 1,000 fólìtì lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́kúrì sì wà nínú rẹ̀. Bó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi páálí kó o sínú ike tó ní ìdérí, ẹ má gbá a pẹ̀lú ọwọ̀. Ẹ má sun bọ́ọ̀dù tàbí wáyà tó ṣẹ́kù nítorí bàbà inú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ burú fún àwọn ọmọ. Ẹ kó o fún àwọn tó ń gba àlòkù ẹ̀rọ.

Bí awọ tí a ń tẹ̀ bá wà lójú páńẹ̀lì, tó sì ní wáyà mẹ́rin péré, ẹ ti ṣoríire: Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ lè kọ iṣẹ́ tí yóò ṣe sínú rẹ̀, lè ka ibi tí ìka wà tààrà.

Ojú sípídò náà wúlò. Ti àtijọ́ tó ń lo iná ni ó rọrùn, iná tó ń wá tó ń lọ léraléra ni ó ń mú ọwọ́ rẹ̀ yí. Ti ìgbàlódé ń gba ọ̀rọ̀ láti inú wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí a ń pè ní CAN. Bọ́ọ̀dù MCP2515 pẹ̀lú Arduino lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má fi sínú ọkọ̀ mìíràn láti fi parọ́ iye ìrìn rẹ̀, jìbìtì ni.

Lílò rẹ̀ nílé àti lóko

Ṣíṣọ́ ẹran tó fẹ́ bímọ lóru ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé kámẹ́rà ọkọ̀ tó ń ríran nínú òkùnkùn sí ìdí àgọ́ rẹ̀, kí síkírìnì wà nínú yàrá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bá kámẹ́rà wá kò dára fún ọ̀nà jíjìn. Wáyà àńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ 75 óòmù, ni kí ẹ fà, ó lè gbé àwòrán ju mítà 100 lọ. Ẹ fi wáyà tó nípọn fa iná kámẹ́rà, kí fólìtì má bàa já sílẹ̀ lọ́nà. Kámẹ́rà ẹ̀yìn máa ń yí àwòrán sódì, ọ̀tún á di òsì. Púpọ̀ nínú wọn ní wáyà kékeré tó ká, bí ẹ bá gé e, àwòrán á tọ́.

Ẹ ṣírò bátìrì. Síkírìnì tó ń gba ìdajì áńpù ní 12 fólìtì ń jẹ wáàtì 6. Tó bá tàn fún wákàtí 24, ó jẹ́ wáàtì-wákàtí 144. Bátìrì olómi 12 fólìtì oní-100Ah (áńpù-wákàtí 100) ní wáàtì-wákàtí 1,200, kò sì yẹ kí ẹ máa lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà, ẹ fi bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kí ó tó tàn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí síkírìnì máa tàn kìkì nígbà tí ẹ bá fẹ́ wò ó.