Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ̀wé nípa ọjà ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí ọjà ẹja Olúwo, nígbà tí oníbàárà kan pè é láti Ìbàdàn. Ó ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹja àrọ̀ tí ẹ ń tà yìí, ṣé kò ní bu kí n tó jẹ ẹ́ tán?" Ẹ̀gbọ́n mi gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ méjì ni ẹja náà ń lò lórí iná tí kò jó fòfò, pé bí a bá ṣẹ́ ìrù rẹ̀ tí ó dún pa, ó ti gbẹ dénú, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dì í sínú ọ̀rá nígbà tí ó bá ṣì gbóná, nítorí pé ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ni yóò di omi tí yóò mú un bu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin náà ti fi owó páálí kan ránṣẹ́.

Mo wá ṣí búlọ́ọ̀gì, ìyẹn ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo ń bójú tó fún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ ni pé ẹja wa ni ó dára jù lọ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, pé a kò ní ẹlẹgbẹ́. Kò sí gbólóhùn kan nípa ìrù tí ó dún pa. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn: kí oníṣòwò máa yin ara rẹ̀ níbi tí oníbàárà ti wá béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí kò lè tẹ orúkọ wa sínú Google. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni yóò tẹ̀, bóyá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja gbígbẹ, tàbí bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Ojú ìwé tí ó bá dáhùn ìbéèrè náà ni Google lè gbé síwájú rẹ̀. Nítorí náà, mo rọ gbogbo ẹni tí ó ní ìsọ̀ pé kí wọ́n fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí owó, kí wọ́n sì máa kọ ìbéèrè àwọn oníbàárà sínú rẹ̀. Èyí tí ènìyàn méjì bá ti béèrè tó ohun tí a ń kọ àlàyé kíkún lé lórí.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀lé e ni kíkó gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹni sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìyẹn orí ìkànnì tí kì í ṣe tiwa, bíi WhatsApp àti Facebook. Ohun tí a bá gbé sí "Status" WhatsApp kì í ju wákàtí 24 lọ tí yóò fi pòórá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà, wọn kò sì ṣí i padà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Èmi kò sọ pé kí a má lò wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Ṣùgbọ́n kí a fi wọ́n pe ènìyàn wá sí ojúlé tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àlàyé tí a kọ lónìí yóò ṣì máa ta ọjà ní ọdún mẹ́ta sí i. Kí ojúlé náà sì jẹ́ tiwa ní tòótọ́. Mo mọ oníṣòwò kan tí ó jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá a ṣe é fi ímeèlì ti ara ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba àdírẹ́sì ojúlé náà, èyí tí a ń san owó lé lórí lọ́dọọdún. Nígbà tí ọmọ náà rìnrìn àjò, tí owó ọdọọdún sì pé, kò sí ẹni tí ó rí ìránnilétí, gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì sì lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Láti ọdún 2011 ni Google ti ń rẹ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé àlàyé tí a kọ nípa ẹja òkun àwọn aláwọ̀ funfun kò lè ran ẹni tí ó fẹ́ ra ọ̀bọ̀kún tàbí ẹpìyà lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi ń pe ọjà yín ní ìsọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, nítorí pé oníbàárà kan lè tẹ "àrọ̀" nígbà tí èkejì ń tẹ "catfish".

Ẹ má gbé àwòrán sókè bí fóònù ṣe yà á. Ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, nítorí dátà oníbàárà ni yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé oúnjẹ tí òun ń tà ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Irọ́ tí ó lè pa ènìyàn ni, NAFDAC kò sì fàyè gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti sùúrù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ àlàyé márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ kan, wọn a retí oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn a sì pa á tì ní oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè gba oṣù mélòó kan kí àwọn tí ń wá nǹkan lórí Google tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ìwé tuntun. Ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láìdáwọ́ dúró, tẹ́ mi lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé tí a pa tì sì lè ba orúkọ ẹni jẹ́: oníbàárà kan ti wá bá wa pẹ̀lú iye tí a kọ síbẹ̀ nígbà tí ẹja ṣì pọ̀ lọ́jà, inú rẹ̀ kò sì dùn nígbà tí ó gbọ́ iye tuntun. Láti ìgbà náà, a máa ń kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, mo sì ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó tó dá iná.