Odídẹrẹ́ tí imú rẹ̀ ń dí ṣáá: oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin odídẹrẹ́ l'Ákùrẹ́ níbí, bí ẹyẹ yín bá ń sín ṣáá, tí imú rẹ̀ ń dí, tó ń là, tó tún ń dí, ẹ má tíì sáré tú kápúsù sínú omi rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ẹ̀pà òun àgbàdo nìkan kò ní fítámì A tó; bí fítámì yìí bá sì wọ́n lára ẹyẹ, awọ inú imú rẹ̀ á yi, ikun á wá máa gbẹ mọ́ ibẹ̀. Ẹyìn ni odídẹrẹ́ ń jẹ nínú igbó. Ẹ ra tútù lọ́jà Ọba, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fún un ní ẹyọ kan tàbí méjì lóòjọ́, kí ẹ fi tàtàṣé pupa àti kárọ́ọ̀tì kún un. (Àní rodo gan-an kì í ta ẹyẹ lẹ́nu.) Píà ni kí ẹ má dán wò, májèlé ni fún un. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ́n omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára láàárọ̀, ẹ sì gbé kéèjì rẹ̀ jìnnà sí èéfín sítóòfù àti ti oògùn ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lè yọ ikun tó ti le bí òkúta o. Bí ihò imú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tí abẹ́ ojú wú, tàbí tí ìrù ń mì bó ṣe ń mí, dókítà ẹranko ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an; ẹ má fúnra yín tú ikun náà.