Bí ẹ ṣe lè rí ọsibítù òkè òkun tó máa bá yín tọ́jú ìyá àti ọmọ tuntun, tí iṣẹ́ náà ò sì ní kú lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin mẹ́tírọ̀n àti dókítà tẹ́ ẹ wà ní lébà wọ́ọ̀dù láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìdí-Àràbà dé Múṣin, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo làwọn ọsibítù kan ṣe ń rí nọ́ọ̀sì àti dókítà láti London tàbí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń fún wọn nírinṣẹ́, ta ni wọ́n mọ̀, ta ni wọ́n lọ rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rárá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, inú rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù yín ló dẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè òkun.

Gbogbo wa la máa ń gbàdúrà ká gbóhùn ìyá ká gbóhùn ọmọ. Nínú NDHS ti 2018, ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà, ìyá 512 ló ń kú nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, ọmọ 39 nínú 1,000 ni ò dẹ̀ pé oṣù kan láyé. Ó dunni gan-an. Àmọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn, kò sọ nǹkan kan nípa wọ́ọ̀dù tiyín, tiyín gan-an lẹ máa kà.

Ẹ mú rẹ́jísítà ọdún tó kọjá, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Iye àwọn tó bí lọ́dọ̀ yín, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà jù lẹ́yìn ìbímọ, iye àwọn tí gìrì mú, iye ọmọ tí ò ké nígbà tó jáde, iye àwọn tí ò tó kílò méjì, iye ìyá àti ọmọ tó kú, ọjọ́ wo ni, aago mélòó. Ẹ ṣọ́ aago yẹn o. Tẹ́ ẹ bá rí i pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín aago méjì òru sí aago márùn-ún ìdájí, ìṣòro yín lè má jẹ́ irinṣẹ́ rárá, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lóru tí ìyá mẹ́rin dẹ̀ ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi ọkọ̀ òkun gbé wá tó máa bá yín yanjú ìyẹn. Ojú olójú ò lè jọ ojú ẹni. Àlejò tó máa lo ọ̀sẹ̀ méjì ò lè rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, àfi kẹ́ ẹ sọ fún un.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń bẹ̀rù àtikọ iye àwọn tó kú sílẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ kó yé wọn pé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi mú ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fi mú nọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tó máa kọ òótọ́ sínú ìwé yẹn mọ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kà á tán, nǹkan kan ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má kọ ìwé pé ẹ ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀jẹ̀ dídà ṣàpẹẹrẹ. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, University of Birmingham pẹ̀lú WHO àti àwọn dókítà àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa ló jọ ṣe é, ní ọsibítù 80, àwọn ìyá tó lé ní 200,000, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2023. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni ọ̀rá kan báyìí tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá bó bá ṣe bí ọmọ tán, ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí bí àpò, ìlà wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń wo iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ ojú la fi ń wọ̀n ọ́n, díẹ̀ ti fà sára aṣọ, díẹ̀ ti gba abẹ́ ìyá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ wà nílẹ̀, èèyàn á ní kò tíì pọ̀, ìyá dẹ̀ ti ń tutù. Pẹ̀lú ọ̀rá yìí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà mílílítà 500, agbẹ̀bí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oxytocin tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì àti tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n á fa dírípù, wọ́n á yẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá wò, wọ́n á pe ọ̀gá, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní àwọn ọsibítù tó ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀ tó dà jù ni wọ́n tètè rí. Ní àwọn tó lo ọ̀rá, ó tó 93 nínú 100, ewu tó le gan-an dẹ̀ fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀. Ọ̀rá, oògùn tó wà nítòsí, àti agbẹ̀bí tí wọ́n gbà láyè láti ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ṣẹlẹ̀ ní Island Maternity wa níbí. Gbogbo ìyá Èkó ló mọ ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, iná yẹn dẹ̀ ń fẹ́ NEPA, ẹ mọ bí NEPA ṣe rí. Dókítà Bolajoko Olusanya tó wà l'Ékòó níbí pẹ̀lú Tina Slusher láti University of Minnesota àti àwọn ará Stanford wá bi ara wọn pé ṣé a lè lo oòrùn láìjẹ́ pé ó jó ọmọ? Wọ́n ṣe àtíbàbà, wọ́n fi irú ọ̀rá tint tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé bò ó, ọ̀rá yẹn ń yọ èyí tó léwu nínú oòrùn kúrò, ó ń dín ooru ẹ̀ náà kù, ó wá ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń ṣiṣẹ́ kọjá. Oríṣi ọ̀rá méjì ni, ọ̀kan fún ìgbà tí oòrùn mú, ọ̀kan fún ìgbà tí ojú ọjọ́ ṣú. Ìyá àti ọmọ á wà lábẹ́ ẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa fi tàmómítà wo ara ọmọ. Ọmọ 447 ló wà nínú ìwádìí yẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015, ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 93 nínú 100, iná gan-an ṣiṣẹ́ ní 90. Ẹ jọ̀ọ́ o, oòrùn lásán kọ́ la ń sọ, ẹ má lọ sá ọmọ kankan sóòrùn torí ohun tẹ́ ẹ kà níbí. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé àìsí iná l'Ékòó ló bí ìbéèrè yẹn, àwọn òyìnbó ò gbé e wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá nínú rẹ́jísítà yín.

Níbo lẹ ti máa rí wọn wàyí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde ní school of nursing, ṣebí ìdajì kíláàsì wà ní UK báyìí, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù ní Manchester lè gbé ọ̀rọ̀ yín dé iwájú ọ̀gá ẹ̀ ju ìwé ọgọ́rùn-ún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà wa tó wà ní Britain, MANSAG, ti Amẹ́ríkà, ANPA, ti àwọn nọ́ọ̀sì wa ní Amẹ́ríkà àti Canada, NANNNA. Ní London, Global Health Partnerships wà, THET ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n máa so ọsibítù UK pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, ọdún 1988 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ máa kọ, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ má fi ìyìn àti ẹ̀bẹ̀ kún un. Ẹ sọ iye ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń gbẹ̀bí lóṣù, iye nọ́ọ̀sì tó wà lálẹ́, ohun kan tẹ́ ẹ rí nínú rẹ́jísítà pẹ̀lú iye ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ti gbìyànjú fúnra yín, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ jọ ṣe fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tún sọ ohun tí ẹ̀yin náà máa fún wọn, torí ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ lè fún wọn. Agbẹ̀bí Èkó ti rí ìbí aláìlẹ́gbẹ́ tí àwọn tọ̀hún ò rí, wọ́n dẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ fi orúkọ ẹni méjì síbẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibi tí wọn ò bá ti ní nọ́ọ̀sì nínú ìgbìmọ̀ àjọṣe, ohùn àwọn consultant, ìyẹn àwọn ọ̀gá dókítà, ni wọ́n sábà máa ń gbọ́, wọ́n á gbàgbé ẹni tó ń gbé ọmọ lọ́wọ́ lóru.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ò gùn. Dókítà tó bá máa fọwọ́ kan aláìsàn gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ MDCN, nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ Nursing and Midwifery Council. Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ Ministry of Health àti Health Service Commission. Oògùn àti irinṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ìta, NAFDAC. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí aláìsàn, ìgbìmọ̀ ethics, ìyẹn àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò pa aláìsàn lára, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí àlejò gúnlẹ̀ ní Múrítàlá kẹ́ ẹ tó máa sáré ìwé.

Irinṣẹ́ wá ńkọ́? Mo mọ ọsibítù kan ní mainland tí wọ́n kó ìnkùbétọ̀ fún, tí wọ́n wá ń to fáìlì sórí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù. Iná 110 ló ń lò, tiwa dẹ̀ jẹ́ 220 sí 240, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń yí i, ó jó, pátákó inú ẹ̀ tó bàjẹ́ ò sí l'Ékòó rárá. Kẹ́ ẹ tó gba nǹkan kan, ẹ bi wọ́n pé iná wo ló ń lò, ta ló máa ń tún un ṣe, ibo la ti máa rí páàtì àti filter ẹ̀, ìwé ìlò ẹ̀ dà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún enjiníà ọsibítù wa dà. Tí ìdáhùn ò bá yé yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò nílò ẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi.

Nígbà mìíràn ohun tí ọmọ nílò kì í tiẹ̀ ṣe ìnkùbétọ̀. Kí ìyá gbé ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé sí àyà, ara sí ara, Bogotá ní Colombia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1978 torí ìnkùbétọ̀ ò tó. Nígbà tí WHO wá dán an wò pé kí wọ́n má dúró dìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe é, èsì jáde ní 2021, ikú àwọn ọmọ yẹn fi ìdá 25 nínú 100 dín kù. Ohun tó ń gbà ni bẹ́ẹ̀dì fún ìyá nínú yàrá ìtọ́jú ọmọ, àti nọ́ọ̀sì tí ò ní lé ìyá síta. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì yẹn sínú ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè. Fíríìjì oxytocin náà, kí òtútù ẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, kó ní sólà tiẹ̀, torí oxytocin tó ti gbóná ń dín lágbára, ẹ ò dẹ̀ ní mọ̀ títí ìyá á fi máa ṣẹ̀jẹ̀.

Lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti le jù. Ẹ má gba wọ́kíṣọ́ọ̀pù ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní V.I., pẹ̀lú báàgì àti sàtífíkéètì. Ní Haydom ní Tanzania, tí àwọn ará Stavanger ní Norway ti pẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe máa ran ọmọ tí ò mí lọ́wọ́. Lórí bèbí rọ́bà, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ gidi, ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n wá ń fi bèbí náà dánra wò nínú ọsibítù gan-an, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, ni ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 wálẹ̀ láti bí 11 nínú 1,000 sí bí 7. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni, ibi tí wọ́n gbé e sí àti bí wọ́n ṣe ń pa dà sí i ló yàtọ̀.

Ẹ ní kí bèbí rọ́bà, báàgì àti máàsìkì máa gbé ní wọ́ọ̀dù yín, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá tó ń ti kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí àárọ̀ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ alẹ́. Kí ẹnì kan máa ka aago, kí ọmọ tó gba afẹ́fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Èyí tí wọ́n ń pè ní MamaNatalie, nọ́ọ̀sì kan á dè é mọ́ ikùn bí ẹni tó fẹ́ bímọ, á bí bèbí jáde, ẹ̀jẹ̀ àfọwọ́ṣe á máa dà, ìyókù á máa ṣe bíi pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá jẹ́ pé òru ló ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé tiẹ̀ ò fò ó. Àlejò lè wà lórí Zoom lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ jọ yẹ aláìsàn kan wò láì dárúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ dẹ̀ ní WhatsApp fún ìbéèrè kéékèèké, ẹ má fi fọ́tò aláìsàn síbẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn japa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àjọṣe yìí kì í ṣe láti kó nọ́ọ̀sì yín lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlànà UK sọ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ wọn má wá máa kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ fúnra ẹ̀ lè lọ. Ẹ fi kún un náà pé nọ́ọ̀sì méjì lọ́dún máa lọ wo iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀, pé wọ́n á pa dà wá kọ́ àwọn yòókù, àti pé ọsibítù ò ní tari wọn sí wọ́ọ̀dù míì tí wọ́n bá dé. Èyí gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé, wọ́n á rán nọ́ọ̀sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun, ó máa dé, wọ́n á ní kó lọ jókòó ní outpatient.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ jọ pàdé lórí Zoom. Ohun àkọ́kọ́ lórí tábìlì ni iye tó wà nínú rẹ́jísítà, èyí tó dára àti èyí tí ò dára, kí ẹ̀yin náà bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ṣe nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ní oṣù yẹn ka iye náà fúnra ẹ̀, kó sọ ohun tó rí, kẹ́ ẹ sanwó dátà ẹ̀.