Bí ẹ ṣe máa lo tábílẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì tí kíláàsì ò fi ní di ọjà Sábó

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ló fi tábílẹ́ẹ̀tì 18 ránṣẹ́ sí ilé ìwé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ tó dé, orí mi wú, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo pín in káàkiri Pírámárì 4, mo ní ó yá, ẹ tàn án. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́ta ò tàn rárá torí kò sẹ́ni tó rántí ki wọ́n bọ ṣájà, áàpù tí mo fẹ́ lò ní àfi kóun rí dátà, dátà orí fóònù tèmi sì ti tán, àwọn ọmọ tó kù ti rí kámẹ́rà, wọ́n ń ya ihò imú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bíi pé wọ́n fẹ́ kú. Ọ̀gá wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí mà. Irọ́ ni mo pa.

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kíláàsì tábílẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ la ti ń ṣe é. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi báyìí ni mo fẹ́ sọ, ẹni tọ́nà tiẹ̀ bá dáa ju èyí lọ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Orí iná la ti máa bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ má sọ pé wọ́n á mú un wá tó bá di alẹ́. Ìṣirò ẹ̀ ò le. Tábílẹ́ẹ̀tì tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, nǹkan bíi 19 Wh (wáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tó ń wọ inú bátìrì) ló ń gbà láti kún. Ẹ fi 20 lọ́nà ẹ̀, 380 Wh ló máa fún yín, ẹ wá ro ti èyí tó máa ṣòfò nínú ínfátà àti wáyà mọ́ ọn, ẹ kúkú kà á sí 500. Bátìrì sólà olómi tó jẹ́ 12 V, 100 Ah, 1,200 Wh ló wà nínú ẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má fà á kọjá ìdajì, tẹ́ ẹ bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́ kò ní bá yín dọ́jọ́ alẹ́. Ìdajì yẹn jẹ́ 600, ó tó tábílẹ́ẹ̀tì 20, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Páńẹ́ẹ̀lì 200 W kan, tí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, ó máa dá a padà fún yín. Kó tó di pé ẹ̀yin náà ra sólà, ẹ pín in ká, kí tíṣà mẹ́ta gbé mẹ́fà mẹ́fà lọ sílé lọ fi jẹnẹrétọ̀ tiwọn ṣájì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e sílẹ̀.

Ẹ́síténṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú ńkọ́? Ẹ sá fún un. Ṣájà kọ̀ọ̀kan ò ju 10 W lọ, 18 lápapọ̀ ò sì ju 180 W, iná yẹn ò pọ̀ rárá, wáyà inú ẹ́síténṣọ̀n ayédèrú ló tín-ín-rín ju irun ológbò lọ. Tiwa yọ́. Òórùn ẹ̀ ló jí wa.

Ẹ má sì fi tábílẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ń ta sí o. Ooru ló ń ba bátìrì lithium jẹ́. Ọ̀kan nínú tiwa, ẹ̀yìn ẹ̀ wú bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo, ojú ẹ̀ sì là kúrò lára ara ẹ̀. Irú ẹ̀ yẹn, ẹ pa á, ẹ má ki í bọ ṣájà mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ gún un o, torí ó lè gbiná.

Ó kan áàpù. Ìmọ̀ràn mi ò ju kẹ́ ẹ lo èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kíláàsì ń lọ. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, gbé jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, inú ẹ̀ ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí, ọmọ ò ní láti máa wá dátà kó tó kàwé. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Fún àwọn ọmọ kékeré, GCompris wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó nínú ẹ̀, eré ìṣirò, lẹ́tà, àwọ̀ àti aago ló kún inú ẹ̀. African Storybook náà ní ìtàn lédè Yorùbá tẹ́ ẹ lè daunlóòdù sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Kolibri, áàpù tó ń kó ẹ̀kọ́ sórí láptọ́ọ̀pù kan kí gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì lè máa kà á láti ibẹ̀. Ẹ wá láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, kò pọn dandan kó dùn-ún wò. Ẹ daunlóòdù Kolibri sórí ẹ̀ lóru tí dátà pọ́ọ́kú wà tàbí ní ibi tí Wi-Fi bá ti dáa, lẹ́yìn náà ẹ mú ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ nìkan. Ẹ má fi ìwọra kó gbogbo ẹ̀kọ́ Khan Academy o, fídíò inú ẹ̀ á jẹ àyè láptọ́ọ̀pù yín tán, ẹ mú ìdá-nọ́ńbà (fraction) nìkan tó bá jẹ́ pé ìdá-nọ́ńbà lẹ fẹ́ kọ́ ní tááàmù yẹn. Ní kíláàsì, ẹ tan rọ́tà kan, kò pọn dandan kí dátà wà nínú ẹ̀, kó ṣáà ti máa gbé Wi-Fi jáde, ẹ so láptọ́ọ̀pù àti gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Kolibri máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì kan síwájú yín lórí láptọ́ọ̀pù, òun gan-an ni àwọn ọmọ máa tẹ̀ sínú Chrome. Kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sójú bọ́ọ̀dù gàdàgbà torí ọmọ tó bá fi dọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ ti sọnù nìyẹn, ẹ ó sì máa sáré kiri. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àkántì tiẹ̀, mo lè jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí n rí ẹni tó gba márùn-ún nínú mẹ́wàá àti ẹni tó kàn ń tẹ̀ ẹ́ gbuurugbu láì kà á. MiFi kékeré ò lè gbé kíláàsì o, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kì í gbà ju ẹ̀rọ bíi mẹ́wàá lọ.

Lálẹ́ yẹn náà, ẹ ṣí áàpù yẹn kẹ́ ẹ sì ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀ fúnra yín, látòkè délẹ̀. Èmi ò ṣe é rí, ìtìjú ló fi pa mí. Áàpù kan gbé àwòrán jáde pé kí àwọn ọmọ tẹ lẹ́tà tí orúkọ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ó wá jẹ́ mitten, ìbọ̀wọ́ onírun tí wọ́n ń wọ̀ níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú wò ó, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní "Àǹtí, sọ́ọ̀kì ọmọ ọwọ́ ni." Ó tẹ S. Áàpù fọn fèrè ẹlẹ́yà sí i. Ojú ọmọ yẹn rẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì. Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ onírun ní Ògbómọ̀ṣọ́? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ fò ó, tàbí kẹ́ ẹ ti ṣàlàyé ẹ̀ kó tó débẹ̀.

Kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi kíútẹ̀sì pupa kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀ ju mákà lọ. Nọ́ńbà 7 ti ọmọ méjì kan náà ni lójoojúmọ́, tó bá fọ́ a mọ ẹni tá a máa bi. Ẹ sì tì wọ́n mọ́ inú áàpù kan. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Security, ẹ tan App pinning, kẹ́ ẹ sì fi páásíwọ̀ọ̀dù ti ọ̀nà àbájáde ẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa fi ṣí àkántì fún ọmọ, ẹ lo orúkọ kékeré àti nọ́ńbà, ẹ má kó orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ sínú áàpù tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Òfin ààbò détà ti 2023 ní Nàìjíríà ní ká gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, ẹ sọ ọ́ ní mítíìnì PTA kí wọ́n buwọ́ lù ú, kó má di ẹjọ́.

Ọmọ méjì ló yẹ kó wà nídìí ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ á dákẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Tó bá di mẹ́ta, ẹni kẹta ti di olùwòran, kò pẹ́ tó fi máa fa irun ẹni iwájú. Ní méjì, ẹ ní kí ẹni tó dì í mú má sọ̀rọ̀, kí ẹni kejì sì máa sọ ohun tó yẹ ní títẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún. Ariwo á wà, àmọ́ ariwo iṣẹ́ ni. Ohùn tábílẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, ẹ pa á pátápátá, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ohùn, torí 18 tó ń sọ "Good job!" lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fọ́ yín.

Ìṣẹ́jú 40 ni pírìyọ́dù wa. Mo máa ń lo 15 lójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ká ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta pọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì á wá gba 20, márùn-ún tó kù la fi ń kó wọn jọ. Tí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí mo ní "Ojú!", wọ́n á ní "Lókè!", wọ́n á dojú tábílẹ́ẹ̀tì bolẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní èyí kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun mìíràn, ẹ tiẹ̀ fi síléètì lásán dánra wò fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lọ́kàn mi, èdè ni. Àwọn ará Tàǹsáníà, ìdíje Global Learning XPRIZE tó parí ní 2019, tábílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ bíi 3,000 ní abúlé, Swahili tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni áàpù ẹ̀ sì ń sọ sí wọn. Àwa náà kúkú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Áàpù Yorùbá ò pọ̀ tó, àmọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti kámẹ́rà wà nínú tábílẹ́ẹ̀tì yín, kò sì gba dátà. Mo ní kí ọmọ kan pa àlọ́ ìjàpá sínú ẹ̀, ó pariwo "Ààlọ́ o!", gbogbo kíláàsì dáhùn "Ààlọ̀!", a wá tún un gbọ́, a fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Gboard (áàpù ìtẹ̀wé Google) kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ọmọ tí kì í là á lẹ́nu ní Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ gùn jù. Lọ́jọ́ mìíràn mo rán wọn jáde, wọ́n lọ ya ewé káṣú àti ewé máńgòrò, wọ́n fi ìka méjì fẹ ẹ́ tóbi, wọ́n ń ka iṣan ara ewé.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kà wọ́n kí agogo tó lù. Ìka àwọn ọmọ á ti fi epo búǹsì bo ojú ẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nu ún, ẹ má da omi sí i. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí ihò ṣájà ẹ̀, igi ìtayín ni kẹ́ ẹ fi rọra tú u jáde, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Tá a bá sì fẹ́ lọ họ́lídè, ẹ ṣájì wọn dé bíi ìdajì, ẹ pa wọ́n, ẹ kó wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò dé, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Èmi so tèmi mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, àwọn ọmọ mi sì ti mọ̀ pé kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ibi tí bísíkíìtì wà.