Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Àmì Tairọ́ọ̀dì Tó Ń Ṣiṣẹ́ Jù Mọ̀ Lára Awọ

Níwájú ọrùn ni tairọ́ọ̀dì wà, ó rí bíi labalábá. Bó bá ń da họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń darí bí ara ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ara á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ya wá sábẹ́ awọ, òógùn á sì máa bò yín.

Ẹ má fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ tó pọ́n kì í hàn dáadáa lára ẹni dúdú. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó tutù fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹlòmíì wá bọ̀ yín lọ́wọ́. Òógùn ẹ̀rù máa ń mú àtẹ́lẹwọ́ tutù nini. Ti tairọ́ọ̀dì, ọwọ́ á rin, síbẹ̀ á gbóná, awọ á sì jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ wo èékánná, ìka òrùka ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ibi funfun tó wà létí rẹ̀ bá ń wọ inú lọ ní wọ́gọwọ̀gọ, tí ìdọ̀tí ń há sábẹ́ rẹ̀, èékánná ti ń ṣí kúrò lórí ẹran nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó wa ìdọ̀tí náà, ńṣe ló máa ṣí sí i, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Ẹ gé e kúrú, ẹ máa nu ọwọ́ gbẹ. Omi àti ìfarapa náà lè fa èyí, torí náà èékánná nìkan ò tó ẹ̀rí.

Lójúgun, àìsàn Graves, níbi tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ti ń mú kí tairọ́ọ̀dì ṣiṣẹ́ jù, lè mú kí awọ ki, kó le, kí ihò irun sì là bí èèpo ọsàn. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kì í sábà jìn bíi wíwú tí omi fà. Sìgá máa ń dá kún un.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH (họ́mọ̀nù tó ń pàṣẹ fún tairọ́ọ̀dì) àti free T4 (họ́mọ̀nù tí tairọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀ ń ṣe) ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Irun tó ń já ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn lo fítámì tó ń jẹ́ biotin, bẹ́ẹ̀ biotin yìí gan-an lè mú kí èsì parọ́ pé tairọ́ọ̀dì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó, kí ẹ sì dá a dúró, ó kéré tán ọjọ́ 2 ṣáájú àyẹ̀wò. Bí biotin tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan bá pọ̀, ọjọ́ tí ẹ máa fi dá a dúró á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Carbimazole, oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù tairọ́ọ̀dì kù, lè mú kí ara yún tàbí kó sú. Ẹ sọ fún dókítà. Àmọ́ bí ibà, ọ̀fun dídùn tàbí egbò ẹnu bá yọjú, ẹ dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà yìí dín kù.

Tí họ́mọ̀nù bá ti wálẹ̀, òógùn ló máa kọ́kọ́ lọ. Èékánná ọwọ́ máa ń gbà tó oṣù 6 kó tó hù tán.