Bẹ́ ẹ ṣe máa to ọ̀sẹ̀ kan l'Ékòó láti Èkìtì, tí gósílóò ò fi ní gbà á lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin ará wa l'Adó, n'Ìkẹ́rẹ́, n'Ìkọ̀lé, tẹ́ ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ wo òkun, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan ṣáájú ohun gbogbo: kì í ṣe owó ló sábà máa ń ba ìrìn àjò Èkó jẹ́, ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo Badagry láàárọ̀ kóun tún dé Lẹ́kí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, inú danfo ló máa ti wo Èkó. Torí náà kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ibi kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pín Èkó sí apá mẹ́ta: apá Badagry lọ́hùn-ún níwọ̀ oòrùn, apá Oníkan àti Ìsàlẹ̀ Èkó láàárín, apá Lẹ́kí títí dé Ẹ̀pẹ́ nílà oòrùn. Apá kan lójúmọ́ ti tó, ibi tẹ́ ẹ bá sì máa wò lọ́la, ìtòsí ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sùn lálẹ́ òní. Kẹ́ ẹ gba Ìbàdàn wọlé, kẹ́ ẹ gba Ẹ̀pẹ́ jáde, kẹ́ ẹ gbéra lọ́jọ́ Àìkú kẹ́ ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbà wo ló dáa láti lọ? Oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, òjò etíkun kì í ṣe kékeré, omi á kún ojú títì Lẹ́kí, òkun náà á máa ru. Oṣù Kejìlá, àwọn tó ti òkè òkun dé á ti gba òtẹ́ẹ̀lì tán, owó gbogbo nǹkan á sì ti gun òkè. Ìparí oṣù Kọkànlá, tàbí oṣù Kìíní sí Kejì, ìyẹn ló tu èèyàn lára jù. Ọyẹ́ tó ń mú wa l'Ékìtì nígbà yẹn, ẹ má rò pé á mú yín bẹ́ẹ̀ l'Ékòó o, ooru ni, ẹ fi súwẹ́tà sílé, fìlà tàbí agbòji ni kẹ́ ẹ mú.

Ní ti owó, mi ò ní kọ iye kan síbí, torí owó mọ́tò tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èèyàn mẹ́rin ló dáa jù láti jọ lọ, torí owó ọkọ̀ ojú omi, owó gáìdì, owó yàrá, gbogbo ẹ̀ lẹ lè dá pọ̀, ẹni tó bá dá lọ ló máa dá san ohun tí ẹni mẹ́rin ì bá pín. Kẹ́ ẹ ti ṣírò ọkọ̀, ilé, oúnjẹ àti owó àbáwọlé tán, ẹ wá fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Ẹ mú owó pépà dání pẹ̀lú, kẹ́ ẹ má gbára lé tiransifá nìkan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe bó ṣe wù ú létí omi, awakọ̀ ojú omi ò sì ní dúró de àlẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Àìkú. Ẹ gbéra l'Adó ní ìdájí, kílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́, ẹ má rin òru rárá. Ọ̀nà Àrámọkọ, Ìtawùrẹ́, Iléṣà, Ifẹ̀, títí dé Ìwó Road n'Ìbàdàn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa bá mọ́tò lọ tààrà dé Èkó, kò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ẹ sọ̀kalẹ̀ n'Ìbàdàn kẹ́ ẹ gba Òjóò lọ sí Mọ́níyà, ibẹ̀ ni rélùwéè tuntun ti ń gbéra. Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, nǹkan bí kìlómítà 157 ni láti ibẹ̀ dé Èkó, ó ń gba ìtòsí Abẹ́òkúta kọjá, Ẹ̀búté Mẹ́ta ló sì máa já yín sí, láàárín ìlú gan-an, láìfojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà mọ́tò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti wo aago tó ń gbéra lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà. Inú mi máa ń dùn bí ọmọdé bá jókòó sétí fèrèsé ọkọ̀ yẹn, torí l'Ékìtì wa, rélùwéè ò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rí. Ẹ sùn sí Yàbá tàbí Súrùlérè.

Ọjọ́ Ajé ni Badagry, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ọjọ́ Ajé ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè gbogbo ayé ló ń wọ Èkó, ẹ̀yin ń jáde, ìdí nìyẹn. Ẹ lọ sí ìbùdó rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó wà ní National Theatre, ẹ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ dé Mile 2, ìbùdó márùn-ún péré ló wà lójú ọ̀nà yẹn látòkèdélẹ̀, kò ní pẹ́ rárá. Ní Mile 2 lẹ ti máa wọ bọ́ọ̀sì Badagry. Ọ̀nà yẹn gùn, ibòmíràn nínú ẹ̀ ò sì dáa, torí náà ẹ má ṣe é ní àlọ àbọ̀ lójúmọ́ kan bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ẹ sùn síbẹ̀. Ìlú tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò ni Badagry. Àwọn Ògù, tá a máa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni í, ẹ ṣáà máa kí wọn ní Yorùbá, wọ́n á dá yín lóhùn dáadáa, wọ́n á sì bá yín bẹ́ àgbọn mu.

Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ kọ́kọ́ gba gáìdì, kẹ́ ẹ sì dúnàádúrà owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ bi í bóyá owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú ẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ìjọ Áńgílíkà ló kọ́ ọ, ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845, ó kọjú sí ọ̀sà títí dòní. Ìtàn àwọn míṣọ́nnárì yìí, ọmọ wa kan wà lára àwọn àgbà tó tú u síta fáyé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, torí náà tẹ́ ẹ bá mú àwọn ọmọ dání, ẹ rántí sọ ìyẹn fún wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé Séríkí Abass. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lọ́ra. Yàrá ogójì tí wọ́n ń kó ẹrú sí kó tó di pé wọ́n tà wọ́n, gáìdì á sọ fún yín pé èèyàn ogójì ni wọ́n ń há mọ́ ẹyọ kan. Ẹ wọ inú ọ̀kan kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Fèrèsé ibẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ tó ń bá ibẹ̀ wọlé ò pọ̀, bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin nínú ẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá atẹ́gùn. Wọ́n á fi agbòjò kan hàn yín, wọ́n á ní irú ẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n fi ń ra ogójì èèyàn. Séríkí fúnra ẹ̀, ẹrú ni wọ́n mú un lọ láti ìlú ẹ̀ kó tó padà wá di ẹni tó ń ta ẹrú. Ẹ má tìtorí fótò sáré jáde níbẹ̀.

Láàárọ̀ Tuesday, kí oòrùn tó mú, ni kẹ́ ẹ sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ilẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀sà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín kọjá ọ̀sà, ìyókù ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn nínú yanrìn, ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà náà ni, ẹ máa kọjá lára kànga tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, tẹ́ ẹ bá wá dé òpin, òkun nìkan ló kù níwájú yín. Ẹ mú omi dání, ẹ wọ sálúbàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ jáde kúrò ní Badagry kó tó di aago kan ọ̀sán, ẹ padà sí Yàbá lọ sinmi, ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Wednesday, Oníkan. Ẹ wọ rélùwéè búlúù yẹn náà dé Marina, lẹ́yìn ìyẹn ẹsẹ̀ tó yín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1957, inú ẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 1976 wà. Ìtòsí ibẹ̀ ni John Randle Centre, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, ẹ fún ibẹ̀ ní wákàtí méjì ó kéré tán. Freedom Park ní Broad Street, ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ti Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀ rí, lónìí ibi ìgbafẹ́ ni, ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Tí agbára bá ṣì wà, ẹ dé Pópó Àgùdà lọ wo ilé àwọn tó ti Brazil padà wá, àti mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Iyán á ti máa wù yín nígbà yìí, mo mọ̀, ẹ ṣáà forí tì í, ẹja tútù àti edé ni kẹ́ ẹ jẹ l'Ékòó, iyán ń bẹ nílé.

Thursday ni òkun. Tarkwa Bay ni mo yàn fún yín, torí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ń dá ìgbì dúró, omi ẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn bíìṣì yòókù lọ. Mọ́tò ò débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni, láti èbúté CMS ní Marina tàbí láti Victoria Island. Ẹni tí ò bá fún yín ní líìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi, ẹ má bá a lọ. Kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ o: okùn ẹ̀ pé? Ìdè ẹ̀ ń dún pọ́ tẹ́ ẹ bá tì í? Tẹ́ ẹ bá fà á sókè láti èjìká, ṣé kò bọ́ kọjá àgbọ̀n? Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà.

Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ lódò ilé: òkun ò jọ odò, kò sì jọ Ìkọ́gòsì. Omi kan wà láàárín ìgbì tó máa ń fa èèyàn lọ sáàárín òkun, ibi tó dà bíi pé ìgbì ò ti fọ́ ló sábà máa ń gbà, ojú ibẹ̀ á dákẹ́, èèyàn á sì rò pé ibẹ̀ ló dáa. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jà, ẹ má kọjú sí etíkun tààrà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ máa fi kúrò lójú ibi tó ń fà, kẹ́ ẹ tó wá padà sókè. Ọmọdé ò gbọdọ̀ kọjá orúnkún láìsí àgbà tó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Bẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ kó ẹrù lọ sí Lẹ́kí tàbí Ajá, ibẹ̀ lẹ máa sùn títí ẹ ó fi padà wálé.

Friday rọrùn. Láàárọ̀ kùtù ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre, igbó ni láàárín ìlú, hẹ́kítà 78, àwọn ọ̀bọ wà níbẹ̀ tó máa ń ja nǹkan gbà, ẹ fi bisikí sínú báàgì. Afárá tí wọ́n so mọ́ òkè igi gùn ní mítà 401, ó máa ń mì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú kó dúró nísàlẹ̀ kó máa wo ọ̀bọ. Lọ́sàn-án, ẹ lọ sí ilé ọnà Màmá Nike, ọmọ Ògìdì ni Kogí, aládùúgbò wa ni wọ́n. Wọn kì í gba owó àbáwọlé, àjà lórí àjà ni, àwòrán àti àdìrẹ látòkè délẹ̀.

Sátidé, ẹ má padà sínú Èkó. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn, kéèyàn wà ní Lẹ́kí kó tún gba afárá Third Mainland lọ wá mọ́tò Èkìtì. Ẹ tẹ̀ síwájú sí Ẹ̀pẹ́, ẹ wọ ọjà ẹja létí ọ̀sà láàárọ̀. Tó bá jẹ́ tútù lẹ fẹ́, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, ẹ ṣí etí ẹ̀ wò, kó pọ́n dẹ̀dẹ̀, tó bá ti ràwọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ yíyan lèmi á rà, torí ọ̀nà jìn. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, Èkìtì là ń lọ o, ẹ bá wa mú èyí tó gbẹ dáadáa," wọ́n á tú ìsàlẹ̀ agbọ̀n fún yín. Láti Ẹ̀pẹ́, mọ́tò wà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìjẹ̀bú-Òde ẹ wá èyí tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ sí Adó ò jìnnà mọ́. Tí aago kan bá ti lù tẹ́ ẹ ṣì wà n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba yàrá síbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ìrìn náà sí àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì pe àwọn ará ilé kí wọ́n má dúró dè yín.